Ìkòkò Omi Ńlá: Ìdí Rẹ̀ Tún Sán

Ọrùn ti dúró, etí ti dọ́gba, ara ti dán. Ìdí ìkòkò ló ń bá mi jà.

Láàárọ̀ yìí ni mo ṣí ọ̀rá kúrò, mo dojú rẹ̀ dé, mo sì rí i: ìlà tín-ín-rín kan tó lọ́ bíi lẹ́tà S láàárín ìdí. Mo kán omi sí i, ó fà á mu lójú ẹsẹ̀. Ó ti jinlẹ̀ nìyẹn. Inú mi bàjẹ́ gan-an, torí ibẹ̀ náà ni èyí tó ṣáájú ti sán.

Amọ̀ máa ń súnkì bó ṣe ń gbẹ. Etí fẹ́lẹ́, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i, ó ń yára gbẹ. Ìdí nípọn, ó jókòó lórí pákó, omi ṣì kún inú rẹ̀. Èyí tó ti gbẹ ń fa èyí tó ṣì tutù, ibi tí kò lágbára á sì já. Mo fa ìlà sẹ̀ǹtímítà 10 sára amọ̀ tútù kan láti dán an wò. Nígbà tó gbẹ, ó ku 9.2. Ó pọ̀ jù fún ìkòkò tó tóbi tó báyìí. Amọ̀ tí wọ́n kó wá fún mi lọ́tẹ̀ yìí lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó dùn ún mọ, àmọ́ amọ̀ tó bá ń lẹ̀ báyẹn, omi ló mu yó. Èyí tó ní iyanrìn díẹ̀ ni mo fara mọ́ báyìí, bó tilẹ̀ ń ha ọwọ́.

Mo bá gbé èyí tó sán lọ́jọ́sí, tí mo sun bẹ́ẹ̀ náà, mo gún un, mo jọ̀ ọ́, mo pò ó mọ́ amọ̀: abọ́ kan sí abọ́ amọ̀ márùn-ún. Àpáàdì ti la iná kọjá, kì í súnkì mọ́, ó sì ń lànà fún omi láti jáde. Mo tún fa ìlà 10: ó ku 9.5! Ayọ̀ ńlá lèyí jẹ́ fún mi. Ìkòkò tó já mi kulẹ̀ ló máa wà nínú ara èyí tó ń bọ̀, tí á máa dì í mú. Mi ò tún ní ka iṣẹ́ tó bàjẹ́ sí òfò mọ́, yálà ti amọ̀ ni o, tàbí òmíràn.

Sátidé ni mo fẹ́ sun ún tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ti yẹ̀. Bí mo sì ṣe ń kọ èyí, mo ti pinnu pé ìdí kò ní tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́. Ẹ̀yìn abọ́ ńlá tó dojú dé ni màá tẹ amọ̀ lé, pẹ̀lú aṣọ tútù láàárín wọn kó má baà lẹ̀, kí ìdí lè rí roboto, kó sì nípọn dọ́gba. Etí nìkan ni ọ̀rá á bò. Ìdí á máa gba atẹ́gùn. Amọ̀ tí mo pò ṣì ń sinmi nínú àpò. Ọ̀la ni màá bẹ̀rẹ̀.