Orúkọ Iṣẹ́ Wa Kì Í Sí Nínú Ìkéde

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ ecology (bí ohun abẹ̀mí ṣe ń bá àyíká rẹ̀ gbé) àti ẹfolúṣọ̀n (bó ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran) jáde, tẹ́ ẹ sùn sí pálọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ní Kubwa tàbí Nyanya, wọ́n ní ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Èmi á sọ tèmi.

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi wá ọ̀rọ̀ náà "ecologist" nínú ìkéde iṣẹ́ l'Ábújá. Mi ò rí ẹyọ kan. Àṣé iṣẹ́ wa wà níbẹ̀, orúkọ mìíràn ni wọ́n ń pè é: òṣìṣẹ́ àyíká, ẹni tó mọ dátà, ẹni tó lè ya máàpù.

EIA, ìyẹn àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ ńlá máa ṣe fún àyíká, ló gbà mí wọlé. Òfin ọdún 1992 ló sọ ọ́ di dandan pé kí wọ́n tó la títì ńlá, kọ́ dáàmù tàbí wa kùsà, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ohun tó máa ṣe fún ilẹ̀, omi, ẹranko àtèèyàn wò. Ta ni yóò wá ka igi àti ẹyẹ bí kò bá ṣe àwa?

Iṣẹ́ mi àkọ́kọ́, díẹ̀ ló kù kí n tẹ́. Oṣù kejì la lọ wo ilẹ̀ kan ní Nasarawa. Gbogbo ibẹ̀ gbẹ, ó sán. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilẹ̀ gbígbẹ ni, ẹyẹ ò sí. Bàbá abúlé tó ń mú wa kiri ń tún un sọ ṣáá: "Fadama, fadama." Mo kàn ń mi orí, mi ò mọ̀ pé ilẹ̀ tí omi máa ń bò lójò ló ń pè bẹ́ẹ̀ lédè Hausa. Oṣù kẹjọ tá a padà lọ, omi dé orúnkún, lékeléke sì funfun bálaú káàkiri! Àwọn lékeléke tá à ń rí nílé lẹ́ẹ̀rùn, òjò ni wọ́n ń tẹ̀ lé wá sókè níbí. Ìdí nìyẹn tá a fi ń ka nǹkan lẹ́ẹ̀rùn àti lójò. Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Hausa lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.

Ẹ̀yin ẹlẹ́folúṣọ̀n, ẹ wo ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbógun ti ibà. Ẹ̀fọn tó ti yí padà láti ìran dé ìran, tí oògùn ara nẹ́ẹ̀tì ò rí pa mọ́, iṣẹ́ yín nìyẹn. Torí rẹ̀ ni wọ́n fi ń fi PBO, kẹ́míkà tó ń jẹ́ kí oògùn náà tún ràn wọ́n, kún un báyìí. Ẹni tí ẹyẹ bá wọ̀ lára, APLORI, ilé ìwádìí nípa ẹyẹ, wà ní Laminga lẹ́bàá Jos, wọ́n ń kọ́ni ní máásítà níbẹ̀.

Ẹ kọ́ QGIS tí wọ́n fi ń ya máàpù lórí kọ̀ǹpútà, àti R tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò dátà. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ọ̀gá tó gbà mí síṣẹ́ ò bi mí ní nǹkan kan nípa Darwin, máàpù ló ní kí n yà. Lórí CV, ẹ jẹ́ kí orúkọ dìgírì yín lọ sísàlẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ni kẹ́ ẹ gbé sókè, títí kan Hausa tẹ́ ẹ gbọ́ díẹ̀díẹ̀.