Okùn gìtá tí kò fẹ́ fà
Aago méjì òru ti lù lánàá kí n tó gbé fóònù sílẹ̀. Ìtàn kan ni mo ń kà, tí olólùfẹ́ orin kan kọ nípa ọmọ ìyá mẹ́ta tí wọ́n jọ ń kọrin. Ọkọ̀ wọn dànù lójú ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n kú, àwọn méjì yòókù yè é.

Ibi tó mú mi lọ́kàn rèé: àbúrò gbé gìtá ẹ̀gbọ́n jáde nínú àpò, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún okùn rẹ̀ fà, torí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ló fà á kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ẹ mọ̀ pé okùn gìtá kì í dúró sójú kan, díẹ̀díẹ̀ ló ń dẹ̀. Lálaalẹ́, á ta okùn kan ṣoṣo, á máa gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń wálẹ̀. Bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n tún ń lọ lẹ́ẹ̀kejì. Omi bọ́ lójú mi, mo dìde jókòó.

Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ Barry Gibb ti Bee Gees, ẹgbẹ́ akọrin tí òun àti àwọn àbúrò rẹ̀, Maurice àti Robin, jọ wà. Andy, àbúrò wọn tí kò sí nínú ẹgbẹ́ náà, lọ ní 1988, Maurice ní 2003, Robin ní 2012. Òun tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n wọn ló ṣẹ́kù. Báwo lèèyàn ṣe ń kọ orin tí ohùn mẹ́ta jọ gbé rí?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé ẹ ti ka irú ìtàn báyìí rí? Àbí nǹkan kan wà lọ́wọ́ yín tẹ́ ò lè tún ṣe, torí ọwọ́ tó kàn án kẹ́yìn?