Ẹṣin Ẹlẹ́ṣin

Lánàá, nílé ẹṣin tí àwa mẹ́rin jọ ń lò níbí ní Iléṣà, mo ṣe ohun tí ìtìjú rẹ̀ kò tíì kúrò lójú mi. Ẹṣin pupa kan, tí ó jẹ́ ti bàbá àgbàlagbà kan nínú wa, na ọrùn jáde, ó ń fi imú tì mí léjìká, mo sì já ìdajì búrẹ́dì tí mo fẹ́ fi jẹun àárọ̀ fún un láìbi ẹnikẹ́ni.

Kò pẹ́ tí Bàbá dé. Wọ́n rí èérún búrẹ́dì ní ètè ẹṣin náà, ṣùgbọ́n wọn kò pariwo. Wọ́n kàn fi etí lé ìhà rẹ̀, wọ́n ń gbọ́ bóyá inú rẹ̀ ṣì ń kùn. “Ṣé o mọ̀ pé ẹṣin kì í bì?” Ohun tí ó bá ti gbé mì, kò lè bì í jáde mọ́, bí ó bá sì di inú rírun, ó lè pa á. Wọ́n ní pátákò ti dùn ún rí, irú àìsàn tí ọkà àjẹjù máa ń fà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún un ní koríko gbígbẹ nìkan.

Mo dọ̀bálẹ̀. (Èmi tí mo máa ń bínú bí ẹnikẹ́ni bá tú okùn ẹṣin mi!) “Ẹ má bínú, Bàbá.” Wọ́n ní kí n dìde, kí n jókòó tì í, kí n máa ṣọ́ ọ bóyá yóò yàgbẹ́. Nígbà tí ó yàgbẹ́ lọ́sàn-án, inú mi dùn bí ẹni gbowó oṣù.