Ẹ̀yin àbúrò mi tó ń wọ tíátà iṣẹ́ abẹ, ẹ tọ́jú ẹ̀dọ̀ yín

Ìbéèrè tí dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tíátà sábà máa ń kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì ni pé, "Ṣé wọ́n ti yẹ aláìsàn yìí wò fún HIV?" Bó bá ti gbọ́ pé kò ní i, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á sì dẹ̀. Ẹ̀yin àbúrò mi, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù yín ti ń bà mí, torí kì í ṣe HIV ló ń yára ran oníṣẹ́ abẹ jù.

Bí abẹ́rẹ́ tó ti wọ ara ẹni tó ní HIV bá gún èèyàn, nínú irú rẹ̀ 1,000, bíi 3 ló ń ranni. Hepatitis C (Hepatitis ni àrùn kòkòrò tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́) kò ju bíi 2 nínú 100 lọ. Ṣùgbọ́n Hepatitis B, fún ẹni tí kò gba àjẹsára, lè jẹ́ 6, ó sì lè tó 30 nínú 100. Kòkòrò rẹ̀ lè wà láàyè fún ọjọ́ 7 nínú ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ sórí tábìlì. Ó sì pọ̀ láàrin wa: ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe jákèjádò Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé bíi 8 nínú àgbàlagbà 100 ló ní in, nígbà tí àwọn tó ní HIV kò tó 2. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò mọ̀, torí ẹ̀dọ̀ kì í pariwo títí yóò fi le gbagidi.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ọ̀nà Ọ̀yọ́ kì í jẹ́ ká sinmi. Wọ́n á gbé ẹni tó ní jàǹbá ọkọ̀ dé lóru, egungun itan ti yọ síta, ẹ̀jẹ̀ ń dà. Ta ni yóò dúró de èsì àyẹ̀wò? Egungun tó ṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì mú bí abẹ, ó ń la ìbọ̀wọ́ kọjá. Bí àyẹ̀wò bá tilẹ̀ wà, tí kòkòrò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara, ó lè má tíì hàn. Aláìsàn tí a mọ̀ pé ó ní HIV, tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, ewu rẹ̀ kéré sí ti ẹni tí a kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó máa ń dùn mí gan-an tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́, tí wọ́n ń sún iṣẹ́ abẹ rẹ̀ síwájú. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ máa ṣọ́ra fún bákan náà.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára Hepatitis B: èkíní, èkejì lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta nígbà tí èkíní bá pé oṣù 6. Ẹ̀kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Lẹ́yìn oṣù kan sí méjì, ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bóyá ara yín ti gbà á; kí ìwọ̀n ààbò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ jẹ́ 10 mIU/mL sókè ni à ń wá. Hepatitis C kò ní àjẹsára, àmọ́ oògùn tó ń wò ó sàn ti wà.

Ní tíátà, ìka tí a fi ń tọ́ka ní ọwọ́ òsì ni abẹ́rẹ́ sábà máa ń wá, pàápàá nígbà tí a bá ń rán ikùn pa, tó ti rẹ gbogbo wa, tí ẹnì kan wá ń fi ìka wá ṣóńṣó abẹ́rẹ́ níbi tí ojú kò tó. Irin ni kí ẹ fi mú un. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ méjì léra. Mo mọ̀ pé ẹbí aláìsàn ló sábà ń rà á, ojú sì lè máa tì yín láti béèrè èkejì. Ẹ béèrè. Ẹ má na ọ̀bẹ síra yín lọ́wọ́. Inú abọ́ ni kí ẹ gbé e sí, kí ẹnì kejì mú un níbẹ̀.

Bó bá wá gún yín, ẹ má dákẹ́. Mo ti rí ẹni tó kàn pààrọ̀ ìbọ̀wọ́, tó ń bá iṣẹ́ lọ torí ojú ọ̀gá. Ẹ sọ fún ọ̀gá, kí ẹlòmíràn dúró sípò yín. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́. Ẹ má fún ojú ibẹ̀ pé kí ẹ̀jẹ̀ lè jáde. Oògùn tó ń dènà HIV, wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ ló dára jù láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 72, ọjọ́ 28 gbáko lẹ ó sì lò ó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ aláìsàn, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ àti wákàtí tó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé, torí ẹ ó tún padà wá ṣe àyẹ̀wò ní ọ̀sẹ̀ 6 àti ní oṣù 3.