Ọjọ́ tí Ìbàdàn bọ́ sínú òkun lórí ìwé gíráàfù

Ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì mi ló kọ́kọ́ rí i. Ó ti fi rúlà àti pẹ́ńsù gbé àwọn ìlú sórí ìwé gíráàfù rẹ̀ tán, ó sì ti kọ orúkọ ìlú kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ àmì rẹ̀ lọ́nà tó mọ́ tónítóní, kí ó tó gbé orí sókè tìyanu-tìyanu, tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, Ìbàdàn mi wà nínú omi." Mo rìn lọ sí ìdí tábìlì rẹ̀. Òótọ́ ni. Ìlà etí òkun tí gbogbo wa jọ fà láti Badagry dé Calabar wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Ìbàdàn wà nísàlẹ̀ ìlà náà, ó ti kọjá Bonny, ó wà láàárín agbami. Abẹ́òkúta wà nínú omi pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ náà ni Ọ̀yọ́.

Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ JSS 2 ní ìṣirò ní Ìbàdàn fún ọdún púpọ̀, n kò sì lè ka iye ìgbà tí mo ti pariwo pé ìbú, ìyẹn ìrìn sí ẹ̀gbẹ́, ni a kọ́kọ́ ń kà, òòró, ìyẹn gígùn sókè, ni ó ń tẹ̀lé e. Ọmọ yìí ti gbọ́ ọ, ó sì lè kà á sórí. Síbẹ̀, nígbà tí ó rí (3.9, 7.4) níwájú orúkọ Ìbàdàn, òkè ni ó kọ́kọ́ gùn dé 3.9, kí ó tó wá fi ẹ̀gbẹ́ rìn dé 7.4. N kò fi báírò pupa kan ìwé rẹ̀. Ó wo ilé tí òun jí ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó rí i pé inú òkun ni òun gbé e sí, ó mú rọ́bà, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí ló mú kí n kọ èyí, nítorí mo gbà pé ibẹ̀ gan-an ni a ti ń mọ iṣẹ́ àṣefihàn tó wúlò yàtọ̀ sí èyí tó kàn dára lójú.

Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà ni mo ṣe ń kọ́ wọn tẹ́lẹ̀. N ó fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn sójú pátákó, n ó kọ A (2, 3), B (5, 1), C (4, 6), n ó sì ní kí wọ́n fi àmì sí i. Àwọn tó ń gbé nọ́mbà kejì ṣíwájú kì í dín, n ó fàlà pupa sí i, wọn yóò ṣe àtúnṣe, tó bá sì di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọn yóò tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó yé mi pé kò sí ìdí tí wọn kò fi ní ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó ń gbé ní (2, 3), kò sì sí ẹni tó ń gbé ní (3, 2). Bí àmì bá ṣìnà láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì, kò sí ohun tó bàjẹ́ lójú ọmọ náà.

Lẹ́yìn náà ni mo gbìyànjú àwòrán tí a ń fi ojúàmì tò pọ̀, irú èyí tó ń di ẹja tàbí ìràwọ̀ bí a bá ti so àwọn àmì mọ́ ara wọn. Inú àwọn ọmọ dùn sí i, n kò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n bí ojúàmì kan bá ṣìnà, ìrù ẹja ni yóò wọ́, ọmọ náà yóò sì rò pé ọwọ́ òun kò mọ àwòrán yà ni. Ohun tí iṣẹ́ yìí ń béèrè ni ohun tí ọmọ ti mọ ibi tí ó wà kí ó tó fi ọwọ́ kan ìwé, kí ibi tí ó mọ̀ yẹn lè bá a wí fúnra rẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ìwé gíráàfù tí à ń rà ní iwájú ilé ìwé ní onígun mẹ́rin ńlá tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2, a sì pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí kékeré mẹ́wàá mẹ́wàá. A ní kí onígun ńlá kan dúró fún díígírì 1, kí kékeré kan sì dúró fún 0.1, ohun tó ń fúnra rẹ̀ kọ́ wọn ní ìdá mẹ́wàá láìjẹ́ pé mo fẹnu bà á. Nọ́mbà àkọ́kọ́ ń sọ bí ìlú kan ṣe jìnnà tó sí ìhà ìlà-oòrùn láti ìlà Greenwich, ìlà òdo tó gba Lọ́ńdọ̀nù kọjá. Nọ́mbà kejì ń sọ bí ó ṣe jìnnà tó sí ìhà àríwá láti agbedeméjì ayé. Etí òkun la kọ́kọ́ ń fà: Badagry (2.9, 6.4), Brass (6.2, 4.3), Bonny (7.2, 4.4), Calabar (8.3, 5.0), a ó sì fi ọwọ́ so wọ́n pọ̀. A kì í fo ìpele yìí, nítorí bí kò bá sí òkun lórí ìwé, kò sí ibi tí Ìbàdàn yóò bọ́ sí. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìlú: Ìbàdàn (3.9, 7.4), Ọ̀yọ́ (3.9, 7.9), Abẹ́òkúta (3.3, 7.2), Òṣogbo (4.6, 7.8), Ilé-Ifẹ̀ (4.6, 7.5), Àkúrẹ́ (5.2, 7.3), Ìlọrin (4.5, 8.5). Mo máa ń fi Kétu (2.6, 7.4) ti orílẹ̀-èdè Benin àti Atakpamé (1.1, 7.5) ti Tógò kún un.

Ohun tí wọ́n ń rí fúnra wọn lórí ìwé yìí pọ̀ ju ohun tí mo gbèrò lọ. Ìgbà tí wọ́n bá gbé rúlà lé e ni wọn yóò rí i pé Ọ̀yọ́ dúró lé orí Ìbàdàn gan-an, àti pé Òṣogbo dúró lé orí Ilé-Ifẹ̀. Wọn yóò rí i pé bí ènìyàn bá kúrò ní Ìbàdàn, tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, tí kò yà sọ́tùn-ún tí kò yà sósì, yóò já sí Kétu. Èyí tó máa ń mú kíláàsì dákẹ́ ni ti Ilé-Ifẹ̀ àti Atakpamé. Ìlà kan náà ni wọ́n wà, ìlà tí òòró rẹ̀ jẹ́ 7.5, àwọn tó ń sọ èdè Ifẹ̀, ọmọ ìyá Yorùbá, sì wà ní Atakpamé títí di òní. Nígbà tí mo bá wá kọ y = 7.5 sójú pátákó, n kì í ṣàlàyé púpọ̀ mọ́. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń há a sórí pé ìlà tó bá dùbúlẹ̀ ni "y tó bá nọ́mbà dọ́gba". Ní báyìí, wọ́n mọ̀ ọ́n sí ọ̀nà láti Ifẹ̀ lọ sí Tógò. Díígírì kan ní òòró tó nǹkan bíi kìlómítà 111, nítorí náà wọ́n lè ṣe ìṣirò Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́: ìdajì díígírì, nǹkan bíi kìlómítà 55. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ní ọ̀nà yẹn sọ fún wa pé kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ohun tí wọ́n ń kà lójú ọ̀nà.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi Warri (5.8, 5.5) sí ìparí àkọsílẹ̀ náà. Ọmọ tó bá yí i padà yóò fi í sí (5.5, 5.8), yóò sì wo ìwé rẹ̀, kò ní rí ohunkóhun tó burú, nítorí pé ojú ibẹ̀ kò jìnnà síra, ilẹ̀ sì ni méjèèjì. Ìgbà yẹn ni mo máa ń béèrè pé, "Kí ló dé tí òkun kò fi gbé Warri?" Àwọn tó dáhùn dáadáa máa ń sọ pé nọ́mbà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ó yẹ kí ọmọ mọ̀ pé àṣìṣe kan wà tí kì í pariwo.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nípa èdè níbí. Ìdánwò wọn, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, nítorí náà mo ń pe x àti y fún wọn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìbú àti òòró ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ọmọ tó ti bá ìyá rẹ̀ wọn aṣọ tàbí bá bàbá rẹ̀ wọn ilẹ̀ ti mọ ohun tí wọ́n ń jẹ́. Ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé, oríta ni a ń pè é, kò sì sí ọmọ Yorùbá tó ń béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni à ń ṣe ní oríta: ibẹ̀ ni a ti ń yan ọ̀nà. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò náà wà nínú rẹ̀, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn. Mo máa ń rántí rẹ̀ nígbà tí àwọn kan bá ń bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń sọ Yorùbá ní kíláàsì ìṣirò.

Nígbà tí ó bá kan nọ́mbà òdì, a máa ń mú ìwé tuntun, a sì gbé gbogbo ayé lé e. Oríta ayé, níbi tí ìlà Greenwich ti pàdé agbedeméjì ayé, wà nínú omi Gulf of Guinea, ní ìsàlẹ̀ Ghana, kò jìnnà sí wa rárá. Nítorí náà, nínú igun mẹ́rin tí ìlà méjèèjì pín ìwé sí, àwọn ìlú wa wà ní igun àkọ́kọ́, níbi tí nọ́mbà méjèèjì kò ti ní òdì. Havana ní Kúbà, (−82, 23), bọ́ sí igun kejì. Salvador ní Bràsíl, (−38.5, −13), bọ́ sí igun kẹta. Mo máa ń sọ fún wọn pé wọ́n kó àwọn ènìyàn wa gba orí omi yìí lọ sí ibi méjèèjì, wọ́n sì ń kọrin Yorùbá níbẹ̀ títí di òní. Luanda, (13, −9), ni a fi ń kún igun kẹrin. Ọmọ tó bá gbàgbé òdì kan ṣoṣo lára ti Salvador yóò rí i pé òun ti gbé ìlú náà kúrò ní Bràsíl pátápátá.

Iṣẹ́ kejì tí n kò ní fi sílẹ̀ ni ti àdìrẹ. Àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ máa ń pín aṣọ sí onígun mẹ́rin mẹ́rin kí wọ́n tó fi ìyẹ́ adìyẹ ya ọnà sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, nínú èyí tí wọ́n sì ń pè ní Ìbàdàndùn ni a ti ń rí òpó gbọ̀ngàn Mápó. Ọmọ kan yóò ya òpó Mápó sínú onígun 10 sí 10, yóò kọ àwọn ojúàmì rẹ̀ sílẹ̀, yóò pa àwòrán náà mọ́, yóò sì fi ìwé ojúàmì nìkan ránṣẹ́ sí ẹnìkejì rẹ̀ ní ìparí kíláàsì. Bí ẹni tó gbà á bá yí nọ́mbà padà, òpó Mápó yóò dùbúlẹ̀ gbalaja. Bí àwọn méjèèjì bá gbé àwòrán wọn sórí ìwé kan ṣoṣo, tí wọ́n sì ká ìwé náà láti oríta dé (10, 10), òpó tó dùbúlẹ̀ àti òpó tó dúró yóò bo ara wọn déédéé. A kò tíì dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ irú ìyípadà yẹn nínú ìwé, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ọwọ́ ká a.

Iṣẹ́ yìí ń gba àkókò. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ó ń gbà mí, ìwé gíráàfù sì ti wọ́n, nítorí náà ọmọ méjì ló ń lo ìwé kan.

Ní ọjọ́ ìkẹyìn, mo máa ń ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá nọ́mbà méjèèjì ti ìlú àwọn òbí rẹ̀ lórí fóònù ẹni tó bá ní in nílé, kí ó sì mú un wá. Google Maps máa ń kọ òòró ṣíwájú ìbú, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ayé ti ń ṣe, n kò sì sọ èyí fún wọn. Lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin kan láti Ìjẹ̀bú-Òde mú bébà kékeré kan wá tó kọ 6.8, 3.9 sí. Ó gbé pẹ́ńsù lé ìlà ìbú, ó rìn dé 6.8, ó dúró. Ó wo òkun. Ó fa ọwọ́ padà sí oríta, ó rìn dé 3.9, ó wá gùn ún dé 6.8, ó sì fi àmì síbẹ̀. Ó gbé rúlà lé e, ó ké sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wá wò ó: Ìjẹ̀bú-Òde, Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ tò tẹ̀lé ara wọn lórí ìlà kan ṣoṣo.