Oṣù wo ni wọ́n gba orí òkè náà kọjá?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọ̀nà tí àwọn ará ìgbàanì ń gbà láàárín òkè, orí kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ rẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ báyìí. Á gbé máàpù gíga ilẹ̀ wọlé, á sọ ibi tí wọ́n ti gbéra àti ibi tí wọ́n ń lọ, kọ̀ǹpútà á wá fa ìlà síbi tí ẹsẹ̀ á ti yá jù. Ìṣirò Waldo Tobler, onímọ̀ nípa ilẹ̀ ayé, ti ọdún 1993, ni ọ̀pọ̀ ń lò. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kìlómítà 5 ni wákàtí kan. Bí a bá ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dígírì 10, ó di 2.7, bí a bá ń sọ̀ ọ́, 3.9. Torí náà, àlọ àti àbọ̀ ni kí a ṣírò, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé àwọn kan ń tẹ dígírì sínú ìṣirò náà. Gíga tí a fi gígùn pín ló fẹ́: dígírì 10 jẹ́ 0.176. Ẹni tó bá tẹ 10 sí i ti sọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ di ògiri nìyẹn, ìlà náà á sì máa yí gbogbo òkè po. Máàpù tí àpótí kékeré inú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mítà 30 tún ní wàhálà tirẹ̀: àpáta mítà 15 tó dúró ṣánṣán lè di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dígírì 27 lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ò lè gba ibẹ̀ kọjá.

Ní tèmi, máàpù tí kò bá sọ oṣù tó ń ṣírò fún kò tíì parí. Ẹ wo Lendbreen, ọ̀nà àtijọ́ kan tó gba orí òkè oníyìnyín kọjá ní Norway. Òkúta gbágungbàgun ló kún ibẹ̀, ẹṣin lè ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Síbẹ̀, bí yìnyín ṣe ń yọ́ ni ìgbẹ́ ẹṣin, bàtà irin ẹṣin, àjákù ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ́ lórí yìnyín àti ìbọ̀wọ́ ń jáde. Ìgbà tí yìnyín bá bo òkúta mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń kọjá. Igi kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi sí ọmọ ẹran lẹ́nu kó má bàa mu ọmú ìyá rẹ̀. Àwọn darandaran náà ń gba ibẹ̀ nìyẹn. Nǹkan bí 60 ni wọ́n fi kábọ́ọ̀nù 14, tí a fi ń mọ ọjọ́ orí nǹkan àtijọ́, yẹ̀ wò: láti bí ọdún 300 lẹ́yìn ìbí Kristi ni wọ́n ti ń gba ibẹ̀, bí ọdún 1000 ni èrò pọ̀ jù.

Ìparí oṣù kẹjọ sí oṣù kẹsàn-án ni àwọn awalẹ̀pìtàn ń wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kí yìnyín tuntun tó bọ́. Omi yìnyín máa ń gbé nǹkan lọ sísàlẹ̀, torí náà ibi tí a ti rí i lè má jẹ́ ibi tó ti bọ́ lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Ẹ má ṣe sá awọ tàbí igi sóòrùn: awọ á súnkì, igi á là. Kábọ́ọ̀nù inú igi sì ń sọ ìgbà tí igi hù ni, ọdún tí wọ́n gbẹ́ ẹ lè jìnnà sí i. Irun àgùntàn tàbí ìgbẹ́ ẹṣin ṣeé gbára lé jù.

Ti Ötzi, òkú ọkùnrin ìgbàanì tí wọ́n rí nínú yìnyín ní 1991 ní ẹnubodè Ítálì àti Austria, ní gíga mítà 3,210, tún ṣe kedere. Èèpo líle ara eyín kì í pààrọ̀ lẹ́yìn ìgbà èwe, òun ló sì fi hàn pé apá gúúsù òkè náà ló ti dàgbà. Ìyẹ̀fun òdòdó inú ìfun rẹ̀ sọ ìrìn àjò ìkẹyìn: ti igi orí òkè ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, ti igi àfonífojì ló tẹ̀ lé e, kó tó tún gun òkè. Inú ìyẹ̀fun igi àfonífojì yẹn kò tíì bàjẹ́ nígbà tó gbé e mì, igi náà kì í sì í tanná ju ìgbà ìrúwé sí ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ.