Ohun tí àjákù aṣọ kọ́ mi nípa yíyan bátànì

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rẹ eyín máṣíìnì (irin tó ń fa aṣọ lọ lábẹ́ abẹ́rẹ́) sílẹ̀ kí ẹ lè máa fi ọwọ́ ara yín darí aṣọ, ọ̀rọ̀ bátànì ni mo fẹ́ bá yín sọ, ìyẹn àwòrán tí a ń fi òwú rán sórí kúìtì, aṣọ ìbora onípele mẹ́ta: ojú, àárín tó múlọ́múlọ́, àti ẹ̀yìn. Díẹ̀ tí mo mọ̀ níbẹ̀, àṣìṣe ló kọ́ mi.

Kúìtì àkọ́kọ́ tí mo fi àjákù ṣe, búlọ́ọ̀kù 48, ìyẹn ègé onígun tí a rán pọ̀ di ojú kúìtì, ló wà lára rẹ̀: olódòdó, onílà, alámì tó-tò-tó, gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Mo ní ìyẹ́ ẹyẹ ni mo máa rán sí i, torí pé ìyẹ́ ló ń wù mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi rán an. Ìgbà tí mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ tán, mo wá ìyẹ́ náà tì. Òwú mi dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láàrin ọjà.

Látìgbà náà, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi ara mi ni pé: ta ló fẹ́ sọ̀rọ̀ nínú aṣọ yìí, ègé aṣọ ni àbí òwú? Nínú kúìtì àjákù, ègé aṣọ ló sábà máa ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ òwú lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kó gbà á. Bátànì kan ṣoṣo láti etí dé etí ti tó: ìlà tó ń lọ́ bí ejò, òrùka kéékèèké, tàbí ìká bí ìkarahun ìgbín. Igun búlọ́ọ̀kù ti le tẹ́lẹ̀. Ohun tó bá yípo ló ń rọ̀ ọ́ lójú. Ìyẹ́, ẹ fi pamọ́ de aṣọ aláwọ̀ kan.

Èmi fẹ́ràn òrùka ju ìlà ejò lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlà ejò ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ èèyàn. Ìlà ejò kì í kọjá lórí ara rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá há sí kọ̀rọ̀, òwú ló máa gé. Òrùka ní tiẹ̀, ẹ ká a lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti yí orí padà nìyẹn.

Bí bátànì ṣe fún tó ṣe pàtàkì ju orúkọ rẹ̀ lọ. Ìgbà kan, mo rán bátànì òkúta wẹ́wẹ́, òbìrìkìtì kéékèèké tó fara kanra, há sí àárín kúìtì, mo wá fi etí rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Gbogbo ojú abẹ́rẹ́ ló ń fa aṣọ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà àárín súnkì, etí sì ń jó bí omi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Àárín ọ̀hún tún gan bíi páálí. Ta ló fẹ́ fi páálí bora? Ẹ jẹ́ kí ìwọ̀n kan náà wà káàkiri. Ẹ tún ka ara ọ̀rá tí wọ́n fi di ìpele àárín, èyí tó múlọ́múlọ́. Wọ́n máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ bí ìlà kan ṣe lè jìnnà sí èkejì tó: òmíràn ò gbà ju íǹṣì 3 tàbí 4 lọ, òmíràn gbà 8 tàbí 10. Bí ẹ bá kọjá ìwọ̀n yẹn, ó lè ṣùjọ nígbà tí ẹ bá fọ̀ ọ́.

Ẹ wo oríta ojú rírán pẹ̀lú, ibi tí ojú rírán àwọn ègé aṣọ ti pàdé. Àjákù máa ń ní i púpọ̀, ó sì máa ń ki. Bátànì tó ń padà sórí ipa ara rẹ̀ lè ṣẹ́ abẹ́rẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni kí ẹ kọjá, wọ́ọ́rọ́wọ́.

Kí ẹ tó rán ohunkóhun, ẹ tẹ́ ọ̀rá tó mọ́ gaara lé kúìtì, kí ẹ fi máákà ya bátànì náà sórí rẹ̀. Ẹ lẹ téèpù aláwọ̀ mọ́ etí ọ̀rá náà yípo kí máákà má baà yọ́ sórí aṣọ. Ẹ má bèèrè bí mo ṣe mọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yà á sórí ìwé láìgbé bírò sókè. Bí ọwọ́ bá ṣìnà lórí ìwé, á ṣìnà lórí aṣọ.

Ní ti àwọ̀ òwú, eérú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ló máa ń bá àjákù rẹ́ jù.

Kúìtì oníyẹ̀ẹ́ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Aṣọ funfun lásán ni mo fi ṣe ẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹ́ náà sì hàn kedere níbẹ̀, àti gbogbo ibi tí ọwọ́ mi ti gbọ̀n. Ẹ̀yìn ni mo máa ń tẹ́ sókè.